Òdòdó Àgbàtọ́

Bí ènìyàn bá gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́, ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ó máa bi ara rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fẹ́ gbọ́ ọ létí ara wọn: ṣé nítorí ọmọ yìí ni mo ṣe ń ṣe gbogbo èyí ni, àbí nítorí ara mi? Ìbéèrè náà kò mọ sórí ọmọ nìkan. Ó kan ẹran ọ̀sìn, ó kan ilé tí a jogún, ó sì kan ohun tí ó kéré ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, èyí tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ nínú àròkọ yìí, ìyẹn ewéko inú ìkòkò kan tí wọ́n gbé ti Lọ́ńdọ̀nù wá sí Ìbàfò. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò béèrè pé kí ni ti ewéko nínú ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí. Kí wọ́n fi sùúrù bá mi lọ díẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gba òpópó márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978, kò lè ṣàì mọ Ìbàfò. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni ó wà, ṣùgbọ́n Èkó ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń sùn níbẹ̀ ti ń jẹun. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń jáde; ilẹ̀ á ti ṣú kí wọ́n tó wọlé. Abúlé àgbẹ̀ àná ti di ìlú onílé àti ayálégbé, níbi tí ẹni tí ó ráyè wo ojú ọ̀run kò pọ̀, áḿbọ̀sìbọ́sí ẹni tí yóò ráyè wo ewéko. Ìyá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ wà ní àdúgbò wa tí òun ráyè. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó lọ bá a wẹ ọmọ. Oṣù Kejìlá ni ó débẹ̀. Ó sọ fún mi pé kò sí ohun tí ó ba òun lẹ́rù tó àwọn igi ibẹ̀, tí wọn kò ní ẹyọ ewé kan lórí, tí wọ́n kàn dúró gbagidi lẹ́bàá ọ̀nà bí ẹni tí ó kú lóòró. Ṣùgbọ́n lójú fèrèsé ilé ìdáná ọmọ rẹ̀, ìkòkò kékeré kan wà tí ohun inú rẹ̀ ń tanná yòò, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí osùn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi pò. Kátọ́sì Kérésìmesì ni àwọn Òyìnbó ń pè é, nítorí pé àsìkò ọdún yẹn ni ó máa ń tanná lọ́dọ̀ wọn. Ìyá ní ìgbà tí òun rí i ni ọkàn òun tó balẹ̀ pé ènìyàn lè wà láàyè ní ìlú yẹn. Nígbà tí ó ń bọ̀ wá sílé, ó gé ẹ̀ka mẹ́ta lára rẹ̀, ó fi bébà wé wọn, ó sì kì wọ́n sáàárín aṣọ nínú àpótí rẹ̀.

N kò yìn ín fún èyí, mo sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Òfin tí ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó ewéko wọ orílẹ̀-èdè láìgba ìwé àṣẹ kì í ṣe òfin àwọn tí ń wá ẹni tí wọn yóò yọ lẹ́nu. Ní nǹkan bí ọdún 1973 ni kòkòrò funfun kan tí ó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá yọjú ní ìhà Kóńgò. Oje ẹ̀gẹ́ ni ó ń fà mu, kò sì pẹ́ tí ó fi tàn dé oko àwọn àgbẹ̀ lọ́pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn ti IITA tí ó wà ní Ìbàdàn ni ó gba wá sílẹ̀, nígbà tí wọ́n rí agbọ́n tín-ín-rín kan ní Paraguay tí ó máa ń pa kòkòrò náà, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 1981. Hans Herren tí ó ṣíwájú iṣẹ́ yẹn gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní ọdún 1995. Ẹni tí ó bá rántí ohun tí gààrí ì bá dì láìsí agbọ́n yẹn kò ní fojú kékeré wo ẹ̀ka mẹ́ta nínú àpótí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ewéko ti dé Ìbàfò.

Ìyá gbin ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́ wọn. Ní kùtùkùtù, kí ó tó bọ́jú, ó ti bu omi sí wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ó tún bu omi sí wọn. Nítorí pé ó gbọ́ pé kátọ́sì ni, tí ó sì ti rí àwòrán kátọ́sì nínú aṣálẹ̀ rí nínú ìwé tí ó fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé, ó gbé wọn sí ibi tí oòrùn ti ń pa jù lọ ní àgbàlá. Ó kó ìgbẹ́ adìẹ sí wọn nídìí. Kí oṣù méjì tó pé, méjì ti jẹrà láti ìsàlẹ̀ wá. Ẹ̀kẹta sì pọ́n, ó hunjọ, bí ohun tí iná rà. Ó ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá wò ó, nítorí ó gbọ́ pé mo ń gbin nǹkan. “Kí ni mo ṣe tí kò tó?” ni ó bi mí. Mo dáhùn pé, “Mà, kò sí ohun tí kò tó. Gbogbo rẹ̀ ni ó pọ̀ jù.”

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan tí a máa ń lò fún ọmọ tí kò gbẹ̀kọ́: àkẹ́bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ṣe ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà. Bí a bá pe ọmọ ní àkẹ́bàjẹ́, ọmọ ni a ń bú, ọmọ ni ojú ń tì, ọmọ ni a ó fi ṣe ẹlẹ́yà lójú agbo. Bẹ́ẹ̀, ọmọ kọ́ ni olùṣe nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹnìkan ni ó kẹ́ ẹ tí ó fi bàjẹ́. Ẹni náà ti fara pamọ́ sínú ọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tí ó dárúkọ rẹ̀. Mo ti ń sọ èdè yìí láti kékeré, ìgbà tí mo jókòó ti ìkòkò ìyá yìí ni mo tó rí ẹni tí ó fara pamọ́ síbẹ̀. Òun gan-an ni ó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ mi, tí ó ń fi ìborùn nu ojú. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé kò fẹ́ràn ewéko náà. Ohun tí ó kù ni pé òdòdó ojú fèrèsé Lọ́ńdọ̀nù ni ó fẹ́ràn, kò sì tíì mọ ẹni tí ń bẹ nínú ìkòkò.

Ta wá ni ń bẹ nínú ìkòkò? Gbogbo kátọ́sì ayé, àyàfi ẹyọ kan tí ó hù dé igbó Áfíríkà, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣẹ̀. Igi oró tí àwọn baba wa fi ń sọgbà, tí oje funfun rẹ̀ lè fọ́ni lójú, kò bá wọn tan rárá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó bá rí wọn yóò rò pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Ti Kérésìmesì yìí kì í sì í ṣe ọmọ aṣálẹ̀. Orí òkè tí ó dojú kọ òkun ní ìlà-oòrùn gúúsù Bràsíìlì, lẹ́yìn ìlú Rio de Janeiro, ni ilé rẹ̀, nínú igbó tí ìkùukùu kì í fi í sílẹ̀ lọ títí. Kì í hù lórí ilẹ̀. Ara igi ńlá ni ó máa ń hù sí, tàbí inú pàlàpálá òkúta, níbi tí ewé jíjẹrà díẹ̀ bá kó jọ sí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní àfòmọ́ o. Àfòmọ́ a máa fa oje igi tí ó gbé e mu. Èyí kì í mu ohunkóhun lára onílé rẹ̀. Ayálégbé rere ni, ó ń san owó tirẹ̀. Òjò a fọ gbòǹgbò rẹ̀, omi a sì ṣàn lọ kíákíá. Ewé igi ńlá a ṣíji bò ó kí oòrùn má baà jó o. Ohun tí a ń pè ní ewé lára rẹ̀, igi rẹ̀ ni, tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ó so mọ́ ara wọn ní oríkèé oríkèé. Ní ìlú rẹ̀, oṣù Karùn-ún ni àwọn ará Bràsíìlì máa ń rí òdòdó rẹ̀, nítorí pé ìgbà yẹn ni òru bẹ̀rẹ̀ sí í gùn lọ́dọ̀ wọn. Òdòdó oṣù Karùn-ún gan-an ni wọ́n sì ń pè é. Àwọn Òyìnbó tí wọ́n gbé e dé Yúróòpù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ó sọ ọ́ di ti Kérésìmesì. Orúkọ tí à ń pè é ní Ìbàfò, orúkọ ilé àgbàtọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni.

Ẹni tí ó bá ti mọ èyí kò nílò ìwé mọ́ láti mọ ohun tí yóò ṣe. A já oríkèé mẹ́ta tí ó kù láìjẹrà, a sì tẹ́ wọn síbi tí afẹ́fẹ́ wà fún ọjọ́ méjì kí ojú ọgbẹ́ lè gbẹ. A kó èédú tí a fọ́ wẹ́wẹ́, iyanrìn wúruwùru àti èèpo igi jíjẹrà pọ̀ mọ́ ilẹ̀dú díẹ̀, kí omi má baà ní ibi tí yóò dúró sí. A gbé ìkòkò sí abẹ́ fèrèsé tí ó kọjú sí àríwá, ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà tí oòrùn kò sí. Ó di ìgbà tí a bá fi ìka kan ilẹ̀ rẹ̀ tí ó gbẹ kí ìyá tó bu omi sí i. Èyí ni ó le fún un jù lọ. Ó sọ pé bí òun bá ti jí tí òun kò bu omi fún nǹkan kan, ó máa ń ṣe òun bí ẹni tí kò kírun. Ṣùgbọ́n ewéko hù. Lọ́dún kejì, ó ti bo ẹnu ìkòkò.

Kò tanná. Ọmọ a máa pe ìyá láti Lọ́ńdọ̀nù ní gbogbo oṣù Kejìlá: “Màámi, ṣé ó ti tanná?” Ìyá a dáhùn pé kò tíì tanná. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún ju bí ó ti yẹ lọ, bí ẹni tí wọ́n ní kí ó mú èsì ìdánwò ọmọ wá tí kò rí nǹkan mú wá.

Ìdí tí kò fi tanná ni ó gbé mi dé inú ọ̀rọ̀ tí mo ń bá bọ̀. Ní ọdún 1920, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Garner àti Allard, tí wọ́n ń wádìí tábà kan tí kì í tanná lásìkò, fi hàn pé ọ̀pọ̀ ewéko a máa fi gígùn ọ̀sán àti òru mọ ìgbà. Kì í ṣe òjò, kì í ṣe ajílẹ̀. Àwọn tí wọ́n tẹ̀lé wọn wá rí i pé òru gan-an ni àwọn ewéko bẹ́ẹ̀ ń kà. Kátọ́sì yìí wà nínú àwọn tí ń retí òru gígùn. Bí òru bá gùn tó wákàtí mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá, tí ojú ọjọ́ sì tutù díẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí méjọ, ó mọ̀ pé àsìkò tó. Bí a bá tan iná sí i láàárín òru, àní fún ìgbà díẹ̀, ó lè ba gbogbo ìṣirò rẹ̀ jẹ́. Ní Lọ́ńdọ̀nù, òru oṣù Kejìlá tó wákàtí mẹ́rìndínlógún. Ìbàfò kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé; òru tí ó gùn jù lọ níbẹ̀ nínú ọdún kò fi púpọ̀ ju wákàtí méjìlá àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ohun gbogbo ni ìyá ti fún ewéko yìí, àfi òkùnkùn. Àwa tí a sì ń gbé ní Ìbàfò mọ̀ pé bí ohun kan bá wà tí ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná kò fi dù wá rí, òkùnkùn náà ni. Ó ya ni lẹ́nu pé ewéko kan tún lè sọ pé kò tó òun.

Onílé kan tí ilé rẹ̀ fara kan ti ìyá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ṣe àlàyé yìí. Inú Bàbá dùn púpọ̀. “Ẹ ò rí i?” ni ó wí. “Òdòdó pàápàá, àfi kí ojú rẹ̀ rí màbo kí ó tó wúlò. Ìyà ni olùkọ́. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń fi ẹ̀rọ amúlétutù tọ́, kí ni ẹ rò pé wọn yóò so?” Gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀ mi orí. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ mi orí, nítorí ọ̀rọ̀ náà bá ohun tí wọ́n fi tọ́ wa mu. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń lọ sílé ni mo rí i pé àṣìṣe ńlá wà nínú rẹ̀, irú àṣìṣe tí ó máa ń pa ọmọ lára.

Ta ni ó sọ pé òkùnkùn jẹ́ ìyà fún ewéko yìí? Àwa ni òkùnkùn ń ni lára. Òun àti àwọn ẹbí rẹ̀, òru ni wọ́n ń mí. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ewéko ń la ihò ara wọn sílẹ̀ ní ọ̀sán, tiwọn a máa wà ní pípadé nítorí oòrùn. Ó di alẹ́ kí wọ́n tó ṣí i láti fa afẹ́fẹ́ tí wọn yóò fi se oúnjẹ lọ́jọ́ kejì. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́ kò ní láti lọ sí Bràsíìlì. Kí ó já ewé àbámodá ní àgbàlá rẹ̀ ní ìdájí, kí ó fi eyín kan án; yóò kan. Kí ó padà wá já òmíràn ní ọ̀sán. Kíkan náà yóò ti lọ. Benjamin Heyne ni ó kíyè sí èyí ní Íńdíà, tí ìwé rẹ̀ lórí rẹ̀ jáde ní ọdún 1815, ó sì gba ọ̀pọ̀ ọdún kí àwọn onímọ̀ tó lóye pé ohun tí ewé kó pamọ́ lóru ni ó ń kan lẹ́nu ní òwúrọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó fún kátọ́sì ní òkùnkùn kò fi ìyà jẹ ẹ́. Ohun ìní rẹ̀ ni ó dá padà fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbé ata rodo tàbí ilá sínú òkùnkùn kan náà, tí ó ní kí ó lè gbọ́n ni, apànìyàn ewéko ni. Òkùnkùn kan náà ni. Ẹ̀dá ni ó yàtọ̀. Wándé Abímbọ́lá sọ nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìwàpẹ̀lẹ́ ní ọdún 1975 pé láti inú ọ̀rọ̀-ìṣe “wà” ni “ìwà” ti jáde. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí a tó sọ pé a ń tọ́ ìwà ẹnikẹ́ni, ó yẹ kí a ti mọ bí ó ṣe wà. Mo tún kíyè sí i pé kò sí ẹni tí ó máa ń yin ìyà bí olùkọ́ tó ẹni tí pàṣán wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ewéko nìkan fún àwa Yorùbá. Láti nǹkan bí ọdún 1955, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn, fi àwọn ọmọ wọn sọ́dọ̀ àwọn ìdílé aláwọ̀ funfun kí wọ́n bá wọn tọ́ ọ. Wọn a polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World, wọn a gba ìdáhùn, wọn a gbé ọmọ lọ, wọn a sì máa sanwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni dá àwọn òbí yẹn lẹ́bi lọ́nà tí ó rọrùn. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe ní òru, ìwé ni wọ́n ń kà ní ọ̀sán, yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé, ọ̀pọ̀ onílé kò sì fẹ́ rí aláwọ̀ dúdú tí ó ní ọmọ lọ́wọ́. Yàtọ̀ sí èyí, a ti mọ fífi ọmọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn láti ilé. Ta ni nínú wa tí kò gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá tàbí olùkọ́ rí? Wọ́n rò pé ohun kan náà ni. Kì í ṣe ohun kan náà. Adéwálé Akínnúoyè-Agbájé, òṣèré tí ayé mọ̀, tí a bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1967, wà ní ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ fi í sọ́dọ̀ ìdílé aláwọ̀ funfun kan ní Tilbury. Fíìmù tí ó ṣe nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀ jáde ní ọdún 2018. Ó fi hàn níbẹ̀ bí òun ṣe dàgbà dé ibi tí òun ti kórìíra àwọ̀ ara òun, tí òun sì bá ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun tí wọ́n kórìíra aláwọ̀ dúdú rìn.

Nínú àwọn alágbàtọ́ wọ̀nyẹn, òǹrorò wà, aláàánú náà sì wà. Àwọn aláàánú ni mo ń ronú lé lórí, nítorí ti òǹrorò kò ní ìdí nínú. Obìnrin kan tí ó fẹ́ràn ọmọ dúdú tí ó gbà tọ́ dénúdénú, tí kò sì mọ̀ pé awọ ara rẹ̀ ń fẹ́ òróró nígbà òtútù, tí kò mọ bí a ti ń ya irun rẹ̀, tí kò mọ ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ tí ó fi gé e kúrú: kí ni a ó pe ìfẹ́ bẹ́ẹ̀? Irọ́ kọ́ ni. Omi tí ìyá mi ọ̀hún ń bù ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́ kì í ṣe irọ́. Àwa náà sì ń ṣe é padà fún àwọn ọmọ tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù, tí a fi ránṣẹ́ sílé lójijì ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá kí wọ́n lè gbẹ̀kọ́. A ó ní wọn kò lè kí ni, a ó ní ata ta wọ́n lẹ́nu. Ohun tí ó jẹ́ ilé fún wa jẹ́ oòrùn ọ̀sán gangan fún wọn, títí wọn yóò fi rí ẹni tí yóò gbé wọn sí abẹ́ ìji ná.

Bàbá onílé wa ní ìdáhùn sí èyí nígbà tí mo sọ ọ́ fún un. Ó ní ohun tí kò bá lè gbé ibi tí a gbé e sí, kí a fi ti ìlú ẹni rọ́pò rẹ̀. Ó nawọ́ sí àbámodá tí ó hù sí ẹsẹ̀ ògiri, tí ẹnikẹ́ni kò gbìn, tí ó sì ń tanná nínú ọyẹ́ tí gbogbo nǹkan gbẹ, tí òdòdó rẹ̀ sorí kodò bí agogo wẹ́wẹ́. Òdúndún náà wà níbẹ̀, tí òun pẹ̀lú máa ń tanná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. “Ìwọ̀nyí ni tiwa,” ni ó wí. “Kò sí ẹni tí ó ń fi páálí bò wọ́n.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n àbámodá kì í ṣe tiwa bí ó ti rò. Madagásíkà ni ó ti ṣẹ̀. Etí ewé rẹ̀ tí ó bọ́ sílẹ̀ ni ó ń hu ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe rìn kárí ilẹ̀ olóoru gbogbo. Goethe, àgbà òǹkọ̀wé Jámánì, fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń já àwọn ọmọ rẹ̀ fún ọ̀rẹ́. Àwa fún un ní orúkọ tí ó jinlẹ̀, àbá tí mo dá, a sì gbà pé ohun tí a bá fi í wí a máa ṣẹ, títí a fi gbàgbé pé àlejò ni. Òdúndún ní tirẹ̀, ewé ẹ̀rọ̀ tí a kì í fi í sílẹ̀ níbi ìwúyè ọba, ti rìnrìn-àjò tí kò yàn fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì, ìmọ̀ ewé bá wọn lọ. Pierre Verger, tí ó lo ọ̀pọ̀ ọdún láàárín wa àti láàárín àwọn ará Bahia, tí ìwé rẹ̀ lórí ewé Yorùbá jáde ní ọdún 1995, wà nínú àwọn tí wọ́n jẹ́ kí ayé mọ bí orúkọ àwọn ewé wa ṣe wà láàyè lẹ́nu àwọn olórìṣà ibẹ̀. Wọ́n ń pe òdúndún ní òdúndún síbẹ̀. Ní èdè Potogí, ewé tí ó ti Etíkun wá ni wọ́n ń pè é, etíkun tiwa níbí. Òdúndún ń bẹ lọ́wọ́ àgbàtọ́ ní Bràsíìlì. Ọmọ òkè Bràsíìlì ń bẹ lọ́wọ́ àgbàtọ́ ní Ìbàfò. Àwọn tí wọ́n gbé òdúndún lọ́hùn-ún kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ó ṣe ọ̀ṣọ́ fún àwọn. Ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, ìyẹn kí ó tu ara, ni wọ́n fi í ṣe.

Ìyá kò gba ti Bàbá. Ó ní òun kò lè sọ ohun tí ó sá di òun nù nítorí pé kò mọ̀ ọ́n ṣe bí ọmọ ilé. Lọ́dún yẹn, láti ìparí oṣù Kẹwàá, ó mú páálí indomí ńlá kan, ó fi àwọn ihò rẹ̀ dí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi bo ìkòkò ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ó di aago mẹ́jọ òwúrọ̀ kí ó tó ṣí i. Ọ̀sẹ̀ méje gbáko ni ó fi ṣe èyí. Kò lọ sí ìnáwó ẹbí kan ní Abẹ́òkúta nítorí páálí. Ó pa ìpàdé ìjọ kan jẹ. Mo bi í bóyá kò rò pé ewéko ni ó ń tọ́ òun báyìí. Ó rẹ́rìn-ín, kò dáhùn.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Kejìlá, èèhù pupa mẹ́fà yọ ní ṣóńṣó oríkèé. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè sùn. Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú Kérésìmesì, ó gbé ìkòkò kúrò lábẹ́ fèrèsé wá sí pálọ̀, ó gbé e sórí tábìlì láàárín àwọn àlejò, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, iná mọ́lẹ̀ títí di òru, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó yẹ kí n ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé irú èyí tí ó ti rúwé òdòdó kì í fẹ́ kí a ṣí òun nípò. N kò rántí. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, márùn-ún ti rẹ̀ dànù. Ẹ̀kẹfà là ní ọjọ́ kejì ọdún tuntun, nígbà tí àlejò ti lọ tán, tí òun nìkan wà nílé. Ó pè mí wá wò ó. A jókòó tì í, a kò sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Lọ́dún tí ó tẹ̀lé e, kò gbé páálí jáde. Mo rí i pé ó ti kó bàtà sínú rẹ̀. Ewéko náà wà lábẹ́ fèrèsé, ó tutù yọ̀yọ̀, ó ti sorí kodò kọjá ẹnu ìkòkò. Ó ṣẹlẹ̀ pé mo wà níbẹ̀ nígbà tí ọmọ rẹ̀ pè ní oṣù Kejìlá, mo sì gbọ́ ìbéèrè àtijọ́ náà láti inú fóònù. Ìyá wo ojú fèrèsé kí ó tó fèsì.

“Ó wà, ọmọ mi,” ni ó wí. “Àwọn ọmọ ńkọ́?”